Ìtàn Ẹni Mẹ́ta Tí Ṣìkẹ́mi Gbọ́ ní Lithonia

Ṣìkẹ́mi kì í ṣe obìnrin tí ó máa ń ka ìwé ìtàn. Láti ìgbà tí ó ti jáde ilé ẹ̀kọ́ gíga ní Abẹ́òkúta, ìwé tí ó ń ṣí wò kò ju Bíbélì lọ, àti àwọn bébà tí ilé ìtọ́jú ojú tí ó ń bá ṣiṣẹ́ máa ń fi ránṣẹ́ sí àwọn aláìsàn. Iṣẹ́ rẹ̀ ni láti jókòó sí ọ́fíìsì kékeré kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀nà márosẹ̀ I-20 ní Georgia, ní ilẹ̀ Amẹ́ríkà, kí ó máa ṣàlàyé bill fún àwọn tí bill wọn kò yé. Ohùn rẹ̀ tutù bí omi àmù. Ẹni tí ó bá fi ìbínú wọlé tọ̀ ọ́ sábà máa ń fi ẹ̀rín jáde.

Snellville ni ó ń gbé, nínú ilé tí òun àti ọkọ rẹ̀ rà nígbà tí Praise, ọmọbìnrin wọn kan ṣoṣo, ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ ìrìn. Praise ti wọ middle school báyìí. Ṣùgbọ́n Oyèkànmí, ọkọ rẹ̀, kò sí nílé. Ilé iṣẹ́ tí ó ti ń tún ẹ̀rọ ṣe ni ó kó lọ sí Houston, wọ́n ní ẹni tí ó bá ṣì fẹ́ iṣẹ́ rẹ̀ kí ó máa tẹ̀ lé àwọn bọ̀. Tọkọtaya náà jókòó, wọ́n fi ọ̀rọ̀ náà sí àdúrà, wọ́n ní kí ó lọ fún ọdún kan péré, kí ó máa ti ibẹ̀ wá iṣẹ́ mìíràn ní Atlanta. Ọdún kan di méjì, méjì di mẹ́ta. Ó ń wálé ní Kérésì, ó ń wálé ní Àjíǹde, ó sì ń lo ọ̀sẹ̀ díẹ̀ nílé nígbà tí ilé ìwé bá gba ìsinmi gígùn.

Ní ìrọ̀lẹ́ ojoojúmọ́, yóò pè.

"Mummy Praise, báwo ni?"

"A wà o, Daddy Praise."

"Ṣé ẹ ti jẹun?"

"A ti jẹun."

"Praise ńkọ́?"

"Ó ń ṣe homework."

Wọn yóò sọ̀rọ̀ lórí ẹni tí yóò wá gé koríko, wọn yóò sọ̀rọ̀ lórí taya mọ́tò, àti lórí ibi tí òrùlé ti ń jò. Lẹ́yìn náà wọn yóò kí ara wọn pé ó dàárọ̀. Kò sí ìjà láàárín wọn. Kò sí ẹni tí ó ṣẹ ẹnì kejì. Ká ní ẹnìkan bi Ṣìkẹ́mi nígbà náà pé báwo ni ilé ọkọ, yóò ní ó dára, kò sì ní rò pé òun purọ́.

Ní ọ̀sán ọjọ́ kan, màmá kan wọlé sí ọ́fíìsì rẹ̀. Aláwọ̀ dúdú ará Amẹ́ríkà ni, ó ga, ó tẹ́ẹ́rẹ́, ó wọ aṣọ funfun láti òkè délẹ̀, ó sì wé gèlè funfun kékeré kan. Kí ó tó sọ ohun tí ó bá wá, ó wo orúkọ tí ó wà láyà Ṣìkẹ́mi, ó tún un wò, ojú rẹ̀ sì mọ́lẹ̀.

"Ẹ káàárọ̀ mà," ó wí.

Ọ̀sán ti pọ́n. Ṣìkẹ́mi kò mọ ìgbà tí ó bú sẹ́rìn-ín. "Ẹ káàsán mà. Ẹ̀yin lẹ jù mí lọ. Ẹ má 'mà' mí mọ́."

Orúkọ màmá náà ni Ifábùnmi. Kì í ṣe orúkọ tí àwọn òbí rẹ̀ sọ ọ́. Ó gbà á nígbà tí ó wọ ẹ̀sìn Òrìṣà, kí wọ́n tó bí Praise rárá. Ó ti fi èyí tí ó pọ̀ jù nínú ayé rẹ̀ ṣe tíṣà, ìwé ìtàn àtijọ́ ilẹ̀ Amẹ́ríkà ni ó ń kọ́ àwọn ọmọ ní high school, ó sì ti fẹ̀yìn tì. Lẹ́yìn tí wọ́n parí ọ̀rọ̀ bill, ó fà sẹ́yìn díẹ̀ lórí àga, ó sì sọ ọ́ ní Gẹ̀ẹ́sì pé òun lè kọ orin Yorùbá láti òwúrọ̀ di alẹ́ láìṣì í kọ, òun sì lè ka oríkì, ṣùgbọ́n bí òùngbẹ bá ń gbẹ òun, òun kò mọ bí òun yóò ṣe ní kí wọ́n bu omi fún òun. Ó ní òun ń wá ẹni tí yóò kọ́ òun ní Yorùbá tí wọ́n fi ń sọ̀rọ̀ nínú ilé.

Ṣìkẹ́mi ní òun kì í ṣe tíṣà. Inú ara rẹ̀ ni ó ti ń ro ohun tí pásítọ̀ yóò sọ. Ṣùgbọ́n Praise ń kọ́ bí wọ́n ṣe ń lúwẹ̀ẹ́ ní apá Lithonia ní gbogbo Sátidé, inú mọ́tò ni òun náà sì máa ń jókòó sí tí yóò máa dúró dè é. Ilé màmá yìí kò jìnnà sí ibẹ̀. Kí ó tó mọ̀, ó ti ní kí màmá retí òun.

Ilé náà mọ́ tónítóní. Yàrá kan wà lápá òsì tí ilẹ̀kùn rẹ̀ máa ń wà ní títì. Màmá Ifábùnmi kò ṣí i lójú rẹ̀ rí, òun náà kò sì béèrè. Ìdí tábìlì ìjẹun ni wọ́n ń jókòó sí, tíì àti ẹ̀pà yíyan á wà níwájú wọn, ìwé á sì wà lára ògiri láti ilẹ̀ dé àjà. Nígbà tí wọ́n ti sọ ti omi, ti oúnjẹ, ti àga àti ilẹ̀kùn tán, ọ̀rọ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í tán lẹ́nu wọn.

"Kí ni ẹ fẹ́ràn láti máa sọ̀rọ̀ lé lórí jù lọ, Màmá?"

Màmá na ọwọ́ sí ara ògiri. "Ìwé."

"Ẹ sọ ìtàn kan fún mi nígbà náà. Èyí tí ẹ mọ̀ jù."

Màmá yọ ìwé kan tí ẹ̀yìn rẹ̀ ti gbó. Kò ṣí i. Ó gbé e lé ẹsẹ̀, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í wá ọ̀rọ̀ bí ẹni tí ó ń wá abẹ́rẹ́ nínú kápẹ́ẹ̀tì.

"Obìnrin kan wà. Obìnrin náà ní ọkọ̀. Ọkọ̀ rẹ̀ kò sí ní ilé."

"Mọ́tò rẹ̀ ni kò sí nílé?"

"Rárá, rárá. Ọkọ̀! Ọkọ̀ rẹ̀, ó fẹ́ obìnrin náà."

Ṣìkẹ́mi rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. Ó ní kí màmá gbọ́: ọkọ̀ ni ènìyàn ń wọ̀, re, dò. Ọkọ ni ènìyàn ń fẹ́, re, re. Màmá ń pè é, ó ń pè é, ó sì yí padà sí Gẹ̀ẹ́sì, ó ní kò burú, méjèèjì lè já ènìyàn sílẹ̀ lójú ọ̀nà. Báyìí ni wọ́n ṣe bẹ̀rẹ̀.

Ìtàn náà lọ báyìí. Obìnrin kan ń gbé ní ìlú kékeré kan létí odò. Ọkọ rẹ̀ ń gé igi gẹdú, inú igbó ni ó máa ń wà fún ọ̀pọ̀ oṣù. Olùkọ́ kan dé sí ìlú náà, ó gba yàrá sí ọ̀ọ́kán ilé wọn. Olùkọ́ ń yá obìnrin náà ní ìwé. Obìnrin náà ń dá ìwé padà. Kò sí ohun mìíràn fún ìgbà pípẹ́, ìwé ń lọ, ìwé ń bọ̀. Níkẹyìn ọkọ padà dé ní ọjọ́ tí kò yẹ kí ó dé, olùkọ́ sì kú sínú odò.

Ní Sátidé tí ó tẹ̀ lé e, ó sọ òmíràn. Ẹ̀gbọ́n àti àbúrò jọ ń fẹ́ opó kan náà; ẹ̀gbọ́n yìnbọn. Lẹ́yìn ìyẹn, ọkùnrin kan tí ó ní ìyàwó nílé tí ó sì ní obìnrin mìíràn ní ìlú ńlá. Àìsàn ni ó pa ìyàwó náà. Màmá ní ọ̀pọ̀ nínú àwọn ìwé tí òun fi kọ́ ọmọ, ọ̀nà yẹn náà ni wọ́n gbà: ẹni mẹ́ta, ilé kan, òkú kan. Ó ní ní Gẹ̀ẹ́sì, òun lè lo wákàtí kan láti gbèjà olúkúlùkù wọn, òun a sọ ti ìgbà tí wọ́n gbé, òun a sọ ti bí wọ́n ṣe tọ́ wọn. Ṣùgbọ́n Yorùbá òun kò tíì tó ìgbèjà. Ohun tí wọ́n ṣe nìkan ni òun lè sọ.

Ṣìkẹ́mi a máa gbọ́, a sì máa tún ọ̀rọ̀ rẹ̀ ṣe. Bí ó bá sì ń wa mọ́tò padà sí Snellville, tí Praise ti sùn lọ lẹ́yìn pẹ̀lú irun tútù, obìnrin etí odò yẹn ni yóò máa rò. Ó mọ ìdí rẹ̀. Kò tíì fẹ́ mọ̀ ọ́n tán ni.

Ọkùnrin kan wà ní ṣọ́ọ̀ṣì wọn tí ń jẹ́ George. Òun ni ó ń tẹ dùùrù. Iṣẹ́ rẹ̀ ni láti máa bá àwọn tí eegun wọn kán tàbí tí wọ́n ṣe iṣẹ́ abẹ fún na apá na ẹsẹ̀ títí wọn yóò fi lè rìn. Ìyàwó rẹ̀ ti kú. Oníwà jẹ́jẹ́ ni, kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀. Ní ọjọ́ Àìkú kan, mọ́tò Ṣìkẹ́mi kọ̀, kò dáhùn, gbogbo ènìyàn ti ń lọ sílé. Brother George mú wáyà wá, ó fi bátìrì tirẹ̀ ta á jí. Lọ́jọ́ kejì, ó wá sí ibi iṣẹ́ rẹ̀ ní àkókò ìsinmi ọ̀sán, ó pààrọ̀ bátìrì náà fún un, ó nu ọwọ́, ó sì lọ.

Ká ní kò ju bẹ́ẹ̀ lọ ni, kì bá tí sí ìtàn. Ohun tí ó gba ọkàn Ṣìkẹ́mi ni pé George máa ń rántí nǹkan. Bí Ṣìkẹ́mi bá sọ fún un pé ọ̀gá òun ń yọ òun lẹ́nu, ní ọ̀sẹ̀ kejì yóò béèrè, "Sister Ṣìkẹ́mi, ọ̀gá yín ọjọ́sí ńkọ́?" Bí ó bá ní ìyá òun ní Abẹ́òkúta ń jẹ̀rora orúnkún, George yóò ṣàlàyé bí ìyá náà ṣe lè máa na ẹsẹ̀ lórí ibùsùn, yóò sì béèrè lẹ́yìn náà bóyá ó rọ̀ ọ́ lọ́rùn. Ṣìkẹ́mi bẹ̀rẹ̀ sí í kó ọ̀rọ̀ jọ fún un. Ohun kékeré kan yóò ṣẹlẹ̀ ní ibi iṣẹ́, yóò sì sọ nínú ara rẹ̀ pé, èyí, mo máa sọ ọ́ fún George.

Wọ́n wá ń pàdé ní Thursday, bí ó bá ti ibi iṣẹ́ dé, ní ilé kọ́fí kan láàárín àwọn ṣọ́ọ̀bù ní Snellville. Ojúmọmọ ni, níwájú gbogbo ayé. Wọn kì í fọwọ́ kan ara wọn. Ní Thursday kan, bí wọ́n ti ń dìde, George ní, "Ṣìkẹ́mi, wakọ̀ jẹ́jẹ́ o." Kò fi Sister kún un. Kò sí ẹni tí ó ń pe orúkọ yẹn lásán bẹ́ẹ̀ mọ́ àyàfi ìyá rẹ̀. Ṣìkẹ́mi gbé ìpè náà dé ilé, ó gbé e wọ kíṣìnì, ó ń gbọ́ ọ bí ó ti ń gé àlùbọ́sà.

Ohun tí ó wá yà á lẹ́nu ni ọ̀rọ̀ tí Rachael sọ fún un ní ọjọ́ Àìkú kan. Ọ̀rẹ́ rẹ̀ ni Rachael, wọ́n jọ wà nínú ẹgbẹ́ àwọn ìyá. Ó fà á sí ẹ̀gbẹ́ kan nígbà tí ìsìn parí.

"Sister Ṣìkẹ́mi, ẹ má bínú o. Wọ́n ní ẹ ń lọ sílé abọ̀rìṣà kan ní Lithonia ní gbogbo Sátidé."

"Màmá kan tí mò ń kọ́ ní Yorùbá ni."

"Yorùbá nìkan? Ẹ ṣọ́ra. Irú ilé bẹ́ẹ̀, ènìyàn kì í mọ ohun tí ó ń tẹ̀ lé e jáde."

Ṣìkẹ́mi dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Nígbà tí ó wọ mọ́tò, ó jókòó fún ìgbà díẹ̀ kí ó tó tan án. Gbogbo ṣọ́ọ̀ṣì ti rí i ní Lithonia, níbi tí kò ti ṣe ohunkóhun. Kò sí ẹni tí ó rí i ní Snellville.

Ní Sátidé kan, Màmá Ifábùnmi fẹ́ tún ìtàn etí odò náà sọ láti ìbẹ̀rẹ̀, nítorí Yorùbá rẹ̀ ti dán sí i. Ó sọ ọ́ dé ibi tí olùkọ́ dé, ó dúró.

"Kí ni mo máa pè é? Ọkùnrin kejì."

"Ẹ pè é ní ọ̀rẹ́ rẹ̀."

"Ọ̀rẹ́?" Màmá ronú sí i. "Ìwọ ni ọ̀rẹ́ mi. Ṣé ó rí bákan náà?"

Ṣìkẹ́mi gbé kọ́ọ̀pù tíì, ó tún sọ ọ́ kalẹ̀. "Rárá, mà. Kò rí bákan náà."

"Ọ̀rọ̀ mìíràn wà?"

"Ó wà." Ó wo ojú tábìlì. "Àlè. Dò, dò."

"Àlè," Màmá wí. Fún ìgbà àkọ́kọ́, ó pè é bí ó ti yẹ láìjẹ́ pé wọ́n tún un ṣe. Ó kọ ọ́ sílẹ̀. Ó yí sí Gẹ̀ẹ́sì, ó ní òun lè ka ọ̀rọ̀ rírọ̀ bíi mélòó kan tí èdè òun fi ń pe ẹni yẹn, ọ̀rọ̀ tí ó ń dùn lẹ́nu bíi súìtì. Ó ní ǹjẹ́ Yorùbá ní ọ̀kan tí ó rọ̀? Ṣìkẹ́mi ní kò sí èyí tí òun mọ̀. Màmá wá béèrè pé bí wọn kò bá tíì fọwọ́ kan ara wọn ńkọ́, bí ó bá jẹ́ ìwé nìkan ni ó ń lọ tí ó ń bọ̀, ṣé ọ̀rọ̀ náà ṣì bá a mu?

"Mi ò mọ̀, mà," Ṣìkẹ́mi wí. Ohùn rẹ̀ yí padà. Màmá wò ó lẹ́ẹ̀kan, ó pa ìwé dé, ó sì ní kí wọ́n lọ wo àwọn òdòdó tí òun gbìn sí ẹ̀yìnkùlé.

Kò pẹ́ sí i ni George sọ ohun tí ó wà lọ́kàn rẹ̀. Inú mọ́tò rẹ̀ ni wọ́n wà, níwájú ilé kọ́fí náà, nítorí òjò ń rọ̀.

"Èmi kì í ṣe ọmọdé," ó wí. "Mo mọ ẹni tí o jẹ́, mo sì mọ ẹni tí ó fẹ́ ọ. Ṣùgbọ́n mi ò lè máa fi kọ́fí tan ara mi jẹ mọ́. Mo fẹ́ mọ ibi tí à ń lọ."

Òjò ń lu òrùlé mọ́tò. Ṣìkẹ́mi fẹ́ràn bí ó ṣe sọ ọ́, láìfi ipá, láìfi ọwọ́ kàn án. Ìyẹn gan-an ni ó ń dá a lóró.

"Jẹ́ kí n ronú," ó wí.

Ó ronú. Ní Sátidé tí ó tẹ̀ lé e, kò ní kí Màmá sọ ìtàn tuntun. Òun ni ó béèrè.

"Màmá, obìnrin etí odò yẹn. Kí ló dé tí kò bá ọkọ rẹ̀ sọ̀rọ̀? Ní ìgbà tí kò tíì sí nǹkan kan. Kí ó kàn sọ fún un pé àárò ń sọ òun, pé ọkàn òun ti ń fà síbòmíràn."

Màmá rẹ́rìn-ín díẹ̀. Ó wá ọ̀rọ̀ rẹ̀ jọ. "Tí ó bá sọ̀rọ̀... ìwé ti parí. Kékeré ni ìwé náà. Kò sí ẹni tí ó máa rà á."

Lẹ́yìn náà ó fi Gẹ̀ẹ́sì kún un pé ìbéèrè yẹn, àwọn ọmọ ilé ìwé òun máa ń bi òun lọ́dọọdún, òun a sì máa fún wọn ní ìdáhùn gígùn. Ó ní òun kò gba ìdáhùn náà gbọ́ mọ́.

Ní ọ̀sán ọjọ́ Àìkú, lẹ́yìn ṣọ́ọ̀ṣì, tí Praise ti lọ sí ilé ọ̀rẹ́ rẹ̀, Ṣìkẹ́mi pe Houston. Ẹnu ya Oyèkànmí, nítorí kì í ṣe àkókò tí wọ́n máa ń sọ̀rọ̀.

"Mummy Praise, ṣé kò sí nǹkan?"

"Daddy Praise, jókòó, mo fẹ́ bá ọ sọ̀rọ̀." Ó gbọ́ bí àga ṣe ń dún. "Ọkùnrin kan wà ní ṣọ́ọ̀ṣì. Ọkàn mi ti ń fà sí i."

"Ta ni?"

"Brother George."

"Èyí tí ń tẹ dùùrù?"

"Òun ni."

"O ti bá a sùn?"

"Rárá."

"Ṣé ó wù ọ́?"

Ó lè purọ́ níbẹ̀. Kò sí ẹni tí yóò mọ̀. "Lọ́jọ́ mìíràn, ó máa ń wù mí," ó wí.

Oyèkànmí pa fóònù. Kò pè ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, kò sì pè lọ́jọ́ kejì. Nígbà tí Praise béèrè, Ṣìkẹ́mi ní iṣẹ́ ni ó há bàbá rẹ̀ mọ́. Ṣùgbọ́n ní ìrọ̀lẹ́ Tuesday, bí ó ti ń yà wọ àdúgbò, ó rí mọ́tò ọkọ rẹ̀ níwájú garage, eruku ọ̀nà jíjìn ti bò ó. Oyèkànmí wà lórí deck, pèpéle onípákó ẹ̀yìn ilé, ó ṣì wọ aṣọ iṣẹ́, ojú rẹ̀ pọ́n nítorí àìsùn. Praise ti gbé oúnjẹ fún un. Kò tíì fọwọ́ kan oúnjẹ náà.

Ṣìkẹ́mi jókòó sí àga kejì.

"Láti Houston ni mo ti ń to ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ sọ fún ọ," ni Oyèkànmí wí. "Ní Louisiana, èébú ni. Nígbà tí mo dé Alabama, ó ti di ẹ̀bẹ̀. Nígbà tí mo wọ Georgia, mi ò rí nǹkan kan sọ mọ́."

"Sọ èébú náà."

"Ó ti lọ."

Aládùúgbò kan ń fi ẹ̀rọ gé koríko ní ìsàlẹ̀. Nígbà tí ẹ̀rọ náà dákẹ́, Oyèkànmí ní òun ní ohun kan láti sọ tí kò dára. Ó ní kò sí obìnrin kankan ní Houston, kí ó má rò bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n bí wọ́n bá ti sọ̀rọ̀ tán lórí fóònù ní ìrọ̀lẹ́, inú òun máa ń dùn pé ó ti parí. Òun a tan tẹlifíṣọ̀n, òun a gbé ẹsẹ̀ lé tábìlì. Kò sí ẹni tí yóò bi òun ní nǹkan kan. Ó ní iṣẹ́ ti yọ ní Atlanta ní ẹ̀ẹ̀mejì tí òun kò sọ fún un.

Ọ̀rọ̀ yẹn dun Ṣìkẹ́mi ju bí ó ti rò pé ohunkóhun lè dun òun lọ. Ó sunkún níbẹ̀, kò fi pamọ́. Ó bínú, ó sì sọ fún un pé òun bínú: pé òun ń dá gbé ọmọ, òun ń dá gbé ilé, òun sì ń dáàbò bo orúkọ rẹ̀ ní ṣọ́ọ̀ṣì, nígbà tí ó ń gbé ẹsẹ̀ lé tábìlì. Oyèkànmí gbọ́ gbogbo rẹ̀. Kò ní "ṣùgbọ́n ìwọ náà". Ilẹ̀ ti ń ṣú kí wọ́n tó wọlé, wọn kò sì tíì yanjú ohun kan. Ṣùgbọ́n ó ti pẹ́ tí wọ́n ti jókòó pọ̀ bẹ́ẹ̀ tí ẹnìkan kò dárúkọ òrùlé.

Oyèkànmí lo ọ̀sẹ̀ kan nílé. Wọ́n jà ní ọjọ́ mẹ́ta nínú rẹ̀, ìjà gidi, Praise sì ń gbọ́ láti inú yàrá rẹ̀. Ní ọjọ́ tí yóò padà, ó dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó ní òun yóò wá iṣẹ́ níbí, ó ní kí Ṣìkẹ́mi má gba òun gbọ́ títí yóò fi rí i. Ṣìkẹ́mi ní òun kò ní gbà á gbọ́ títí òun yóò fi rí i.

George ni ó kù. Ṣìkẹ́mi pàdé rẹ̀ ní ibi ìgbafẹ́ kan lẹ́bàá adágún omi, ó sọ fún un pé àwọn kò ní máa pàdé mọ́. George ti mọ̀ láti ìgbà tí ó ti rí ìrìn rẹ̀.

"Ṣé nítorí ìfẹ́ ni, àbí nítorí ohun tí ó yẹ?" ó béèrè.

"Mi ò mọ̀, George. Ohun tí mo mọ̀ ni pé mi ò tíì bá ọkọ mi sọ̀rọ̀ tán."

George mi orí. Ó ní òun dúpẹ́ pé kò fi òun sílẹ̀ nínú àìmọ̀. Ó dìde, ó rìn lọ sí ibi mọ́tò rẹ̀, ó sì wakọ̀ lọ. Láti ọ̀sẹ̀ náà ni ó ti ń lọ sí ìsìn àárọ̀ kùtùkùtù, ẹlòmíràn ni ó sì ń tẹ dùùrù fún ìsìn kejì. Ṣìkẹ́mi kò rí i fún ìgbà pípẹ́. Ní Thursday, ó máa ń gba ọ̀nà mìíràn lọ sílé, àyà rẹ̀ a sì máa wúwo bí ẹni pé ẹnìkan kú.

Nígbà tí ó padà sí Lithonia, ó ti fo ẹ̀kọ́ fún ìgbà díẹ̀. Màmá kò béèrè ibi tí ó ti wà. Wọ́n jókòó, Ṣìkẹ́mi sì ní lónìí, òun ni yóò sọ ìtàn. Ó sọ ọ́ ní Yorùbá, díẹ̀díẹ̀, pẹ̀lú ọ̀rọ̀ tí ó kúrú tí Màmá lè gbọ́. "Mo ní ọkọ. Ọkọ mi jìnnà. Mo rí ọkùnrin kan. Ó ṣe dáadáa sí mi. Mo sọ fún ọkọ mi."

Màmá Ifábùnmi gbọ́ gbogbo rẹ̀. Ó na ọwọ́ kọjá lórí tábìlì, ó di ọwọ́ rẹ̀ mú. Ó ní Yorùbá ní ìkíni fún ohun gbogbo, fún iṣẹ́, fún ìrìn, fún ìjókòó. Èwo ni ti èyí?

"Ẹ lè ní, o kú ìrọ́jú."

"O kú ìrọ́jú, ọmọ mi," Màmá wí, kò sì fi ọ̀rọ̀ mìíràn kún un.

Nígbà tí ilé ìwé Praise parí fún ọdún náà, Oyèkànmí kó ẹrù rẹ̀ padà. Ó ti rí iṣẹ́ ní ilé ìkẹ́rùsí ńlá kan ní McDonough, ó ń tún àwọn ẹ̀rọ tí ń gbé páálí kiri ṣe. Owó rẹ̀ kò tó ti Houston, ọ̀nà rẹ̀ sì jìn, ilẹ̀ kì í tíì mọ́ tí ó fi ń jáde. Kò rọrùn. Ọkùnrin tí ó ti ń dá gbé kò mọ ibi tí wọ́n ń kó ṣíbí sí nínú ilé ara rẹ̀. Praise ní ó ń gbé tẹlifíṣọ̀n sókè jù. Ṣìkẹ́mi ti mọ bí ènìyàn ṣe ń sùn sí àárín bẹ́ẹ̀dì, ó wá di dandan kí ó sún. Ní ọjọ́ mìíràn, ó máa ń rò ó pé ṣé kò sàn kí olúkúlùkù máa lọ ní tirẹ̀. Ní ọjọ́ mìíràn, Oyèkànmí yóò sọ ohun kan lórí oúnjẹ, wọn yóò sì rẹ́rìn-ín bí ìgbà tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ mọra.

Ó di àṣà fún wọn láti máa rìn yípo àdúgbò ní ìrọ̀lẹ́, nígbà tí ooru bá ti rọlẹ̀. Kò pọn dandan kí wọ́n sọ̀rọ̀. Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan, bí wọ́n ti ń gun òkè kékeré tí ó wà lẹ́yìn ilé wọn, Oyèkànmí béèrè láìwo ojú rẹ̀.

"Ṣé ó ṣì máa ń wá sí ọ lọ́kàn?"

"Lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan."

Oyèkànmí rìn díẹ̀ sí i. Ajá kan gbó wọn láti inú ọgbà, olówó rẹ̀ sì pè é wọlé.

"Ó ṣeun tí o sọ fún mi," ó wí.

Wọ́n gun òkè náà tán, wọ́n sì yà sí ọ̀tún, sí ọ̀nà tí ó gùn.